"Àwa ni tiyín nítòótọ́" lábẹ́ lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó: ṣé ó bójú mu?

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:
Ẹ̀yin ará ilé, okun o. Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ gbé ìyàwó ní Kàbà, ìdána ti kù sí dẹ̀dẹ̀, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ lẹ́tà ìtọrọ. Mo ti kọ ọ́. Mi ò fẹ́ èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ̀wé, tó jẹ́ pé orúkọ nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ ní kí n lọ ra ọ̀kan. Òdòdó wà nínú tèmi, ọgbà wà níbẹ̀, Òwe 18:22 náà wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni wàhálà wà. Bí mo ṣe parí rẹ̀ nìyí:

"Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Ìdílé ọkọ."

Nígbà tí mo kà á fún bàbá wa àgbà lórí fóònù, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Tiyín báwo? Ọmọ la fẹ́ lọ tọrọ ni, àbí ara wa la fẹ́ lọ fi ta wọ́n lọ́rẹ?" Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n má da ara mi láàmú, pé bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nílé ìwé nìyẹn. Kí ni gbólóhùn yìí tiẹ̀ ń sọ gan-an? Ṣé ó yẹ lẹ́tà ìtọrọ? Bí kò bá yẹ, kí ni kí n fi rọ́pò rẹ̀?

Tísà Kàbà:
Okun, àbúrò. Ẹ̀gbọ́n yín kò purọ́, àmọ́ ìdajì ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni wọ́n rántí. Oríṣi lẹ́tà méjì là ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì. Lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ ni èyí tí à ń kọ sí òbí, ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọ̀rẹ́. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ló ní, ìyẹn ti ẹni tó kọ ọ́, lápá ọ̀tún lókè. Ìkíni rẹ̀ á dà bí "Bàbá mi ọ̀wọ́n", ìparí rẹ̀ á jẹ́ "Èmi ni ọmọ yín ọ̀wọ́n", orúkọ àbísọ nìkan ló sì ń tẹ̀ lé e. A kì í buwọ́ lù ú. Ta ló ń buwọ́ lùwé kí bàbá rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n lọ́mọ?

Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ ni ti ọ́fíìsì. Àdírẹ́sì méjì, àkọlé lábẹ́ ìkíni, kò sí àpárá, kò sí ìròyìn ilé. Ibẹ̀ ni "Èmi ni tiyín nítòótọ́" ti wúlò. Ìbuwọ́lù á tẹ̀ lé e, orúkọ ní kíkún á tẹ̀ lé ìbuwọ́lù, ipò á tẹ̀ lé orúkọ bí ipò bá wà. Ọmọ tó bá fi "tiyín nítòótọ́" parí lẹ́tà sí màmá rẹ̀ nínú ìdánwò wáẹ̀kì, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ju máàkì nù.

Ọwọ́ Òyìnbó la ti gba gbólóhùn náà, oríṣi méjì sì ni tiwọn. Bí wọn ò bá dárúkọ ẹni tí wọ́n ń kọ̀wé sí, tó jẹ́ "Dear Sir" lásán, "Yours faithfully" ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, ó di "Yours sincerely". Àwa pa méjèèjì pọ̀, a fi ẹyọ kan rọ́pò wọn. Nítorí náà, ẹ má ka "tiyín" síbẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ara rẹ̀ fúnni. Ohun tó ń ṣe lábẹ́ ìwé ni pé ẹni tó kọ ọ́ dúró ti ohun tó wà lókè, pé kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì rèé bí wọ́n bá fẹ́ mú un.

Lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó kò sí nínú oríṣi méjèèjì. Àwọn tí ẹ ń kọ ọ́ sí kì í ṣe ọ́fíìsì, wọn kò sì tíì di ẹbí yín. Ohun tó mú ìsàlẹ̀ lẹ́tà yín le nìyẹn.

Ìjùmú Gidi:
Ẹ fi ohun tó bá wù yín síbẹ̀ jàre. Kí ọmọ tó ń kà á tó ka dé ìsàlẹ̀, iṣu àti ẹrù ìdána ni gbogbo ojú ń wò. Títí di òní, mi ò mọ bí lẹ́tà ìtọrọ tèmi ṣe parí, ìyàwó mi sì wà nílé.

Màmá Alága:
Ìjùmú Gidi, ẹ̀yin ni ẹ ò gbọ́. Àwa tí a wà nídìí makirofóònù ń gbọ́ o.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀, mo ti ṣe alága ìdúró, mo ti ṣe alága ìjókòó, láti Kàbà títí dé Ìsánlú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ilé ìwé kò sọ fún yín. Lẹ́tà yìí, etí ni wọ́n fi ń gbà á. Ọmọdébìnrin kan nínú ẹbí ìyàwó, àbúrò ìyàwó ló sábà máa ń jẹ́, á tú u, á kà á síta, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Ìbuwọ́lù kò ní ohùn. Àmì ìdánudúró kò ní ohùn. Bí wọ́n bá ti ka gbólóhùn ìparí, òun náà ló ń dún létí àwọn àgbà tí àwa alága yóò fi gba makirofóònù padà. Nítorí náà, bàbá yín gbọ́ ohun tí àwọn tó ń wo bébà kò rí.

Mo wà níbi ìdána kan tí ẹbí ọkọ ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé "Àwa ni àna yín ọ̀wọ́n". Ọmọ tó ń kà á kò tíì panu dé tí alága ìjókòó fi gba bébà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àna ta ni? Ta ló fún yín lọ́mọ?" Ó ní kí wọ́n san owó ìtanràn kí ètò tó máa lọ. Ẹ̀rín pa wá, wọ́n sanwó, orin gba ojúde. Àmọ́ bàbá kan nínú ẹbí ìyàwó kò rẹ́rìn-ín, títí a fi jẹun tán ló fi lé ojú kókó.

Ó ku èyí tí ẹ̀yin fúnra yín kò kà sí. "Ìdílé ọkọ" tí ẹ kọ sísàlẹ̀ yẹn, ọkọ ta ni? Tọrọ lẹ wá tọrọ. Ẹ kọ orúkọ ìdílé yín àti ìlú yín, ó tán. Lẹ́tà ìdáhùn, èyí tí ẹbí ìyàwó fi ń sọ pé àwọn gbà, ibẹ̀ ni "àna yín" ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ló lẹ́nu àtikọ́kọ́ pe orúkọ yẹn. Bí wọ́n bá ti pè é, ẹ̀yin náà lè máa pè é títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:
Màmá, ẹ ṣeun o. Mo ti pa "Ìdílé ọkọ" rẹ́ kí bàbá tó rí i. Ẹ jọ̀ọ́, "tiyín" yẹn ń kọ́? Ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀, àbí bàbá kàn ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni? Ṣé "èmi" ni kí n lò ni àbí "àwa"?

Bàbá Lọ́kọ́ja:
Ẹ kú àkókò yìí, ẹ̀yin ọmọ mi. Iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n gbèjà "tiyín" díẹ̀.

Lẹ́nu wa, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ní òun jẹ́ ti ẹnì kan ni wọ́n rà. Bí ìdíje bá dé láàárín ìlú, wọ́n á bi yín pé, "Ta ni tiyín?" Bí wọ́n bá ń bú ẹnì kan níṣojú yín, ẹ̀yin á ní, "Ẹ rọra o, tiwa ni." Ẹ̀yìn ẹni náà lẹ wà, ohun tí ẹ ń sọ nìyẹn. Bí mo ṣe ń lóye "èmi ni tiyín" lábẹ́ lẹ́tà nìyẹn látìgbà tí mo ti ń kọ ọ́: mi ò wá bá yín jà, bí ohun tí mo wí kò bá tilẹ̀ dùn mọ́ yín nínú. Mo ti fi parí ìwé tí mo fi ń kìlọ̀ fún òṣìṣẹ́ tó ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó rò pé mo fi ara mi tọrẹ fún un. Ṣùgbọ́n bàbá yín kò ṣì í gbọ́. Ojú ọjọ́ ìdána ni wọ́n fi wò ó, ọjọ́ tí ẹnì kan ń fúnni tí ẹnì kan sì ń gbà. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, "tiyín" kò lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ bó ṣe ń dákẹ́ nínú fáìlì.

Ẹ dúpẹ́ pé "tiyín" ni ìyà tó jẹ yín mọ. Nígbà tí D.O., ìyẹn ọ̀gá Òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè (District Officer), wà ní Kàbà, tí wọ́n ń pe ọ̀dọ̀ wa ní Kabba Province lábẹ́ Àríwá, ẹni tó bá fẹ́ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba á lọ bá akọ̀wé tó ń bá ará ìlú kọ lẹ́tà gbowó, tó gbé tábìlì kalẹ̀ nítòsí kóòtù tàbí létí ọjà. Èdè Òyìnbó ni yóò kọ, ìparí rẹ̀ á sì jẹ́ "I have the honour to be, Sir, your obedient servant." Àgbà ìlú tó nílé tó lóko, tó ń pàṣẹ fún odidi agbo ilé, òun ni wọ́n kọ sílẹ̀ bí ìránṣẹ́ tó ń gbọ́ràn yẹn, á sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láìmọ ohun tí wọ́n fi ẹnu òun sọ. Kí n má ṣe parọ́ mọ́ Òyìnbó o: gómìnà wọn náà ń fi irú rẹ̀ parí lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì sí ẹni tó rán an lọ pọn omi. Ọ̀rọ̀ tó ti gbó sẹ́nu ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé ó ti gbó yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún láìsọ fún un.

Bí ẹ bá ní àpótí lẹ́tà àtijọ́ nílé, ẹ lọ wo àdírẹ́sì lókè wọn. Èyí tó pẹ́ jù á ní Kabba Province, Northern Nigeria. Èyí tó bá wá lẹ́yìn 1967 á ní Kwara State. Láti oṣù kẹjọ 1991, ó di Kogi State. Ilé kan náà, yàrá kan náà, ẹnì kan náà tó ń kọ ọ́. Èmi fi ń mọ ọjọ́ orí lẹ́tà tí wọn kò kọ déètì sí.

Ní ti "èmi" tàbí "àwa": ìdílé ló ń sọ̀rọ̀, "àwa" ni. Ẹnì kan ló máa buwọ́ lù ú lórúkọ gbogbo yín.

Ọmọ Bùnú ní Kàdúná:
Bàbá, ẹ ti mú mi rántí nǹkan. Kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ "tiyín nítòótọ́" ni mo ti ń kọ lẹ́tà fún ìyá màmá mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n màmá mi ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì nígbà náà, mọ́tò tó ń lọ sókè ló ń bá wa gbé lẹ́tà. Màmá á jókòó, á máa sọ, èmi á máa kọ.

Màmá kò fi gbólóhùn kankan parí lẹ́tà rí. Kíkí ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. "Bá mi kí ìyàwó rẹ. Kí àwọn ọmọ. Ìyá elépo kí ọ. Bàbá tó ń ṣọ́ ọgbà kí ọ, ẹsẹ̀ ti fẹ́ san." Aládùúgbò tó bá ń kọjá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ṣé ti Kàdúná ni? Fi tèmi sí i." Mo gbọ́dọ̀ fi í sí i. Bébà á kún, màá yí i, màá máa kọ kíkí sí etí rẹ̀ lókè. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni wọ́n á wá ní kí n kọ ọ́ pé, "Ó dìgbà tí a bá fojú rinjú. Èmi ni ìyá rẹ."

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n màmá mi pé ibi kíkí yẹn gan-an ni àwọn máa ń kọ́kọ́ kà. Wọ́n á máa wá orúkọ tí kò sí níbẹ̀. Bí lẹ́tà mẹ́ta bá dé léraléra tí ẹnì kan kò kí wọn, wọ́n ti mọ̀ pé ìjà ti ṣẹlẹ̀ nílé, tàbí pé ẹni náà ti kú tí wọn kò fẹ́ fi bébà sọ ọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀, bó bá jẹ́ èmi ni, kíkí ni màá fi ṣáájú gbólóhùn ìparí yòówù kí ẹ lò. Ẹ kọ ọ́ pé àwọn àgbà ilé yín ní kí ẹ kí wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹni tó rán yín wá kí wọn ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa bi yín pé "tiyín báwo".

Ọmọ Ìsánlú:
Mo fara mọ́ èyí tí Ọmọ Bùnú sọ. Ẹ tún jẹ́ ká rántí ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti kọ́ lẹ́tà. Ìwé kíkà àti Bíbélì jọ wọ Yàgbà ni. Ọdún 1908 ni Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ SIM (Sudan Interior Mission), dé Ẹ̀gbẹ̀, lẹ́tà àwọn àpọ́sítélì sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa kọ́kọ́ mọ̀ ní lẹ́tà. Ìdí rèé tí ìjọ sí ìjọ fi ń kọ "Tiyín nínú Kristi", tí wọ́n sì ń fi oore-ọ̀fẹ́ parí rẹ̀. Bí ìdílé méjèèjì bá jẹ́ onígbàgbọ́, "Àwa ni tiyín nínú Olúwa" kò ní í di ẹnikẹ́ni lọ́rùn, torí Olúwa ti wà láàárín, kò sí ẹni tó ta ara rẹ̀ fún ẹnì kejì.

Èyí tí mo tiẹ̀ fẹ́ sọ ni pé ẹ wo Róòmù 16:22. Tertiu, ẹni tó ń bá Pọ́ọ̀lù kọ̀wé, dá sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó kí wọn, ó sì dákẹ́. Nínú 2 Tẹsalóníkà 3:17, Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ló mú gègé, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìkíni, tó ní àmì òun nínú gbogbo ìwé nìyẹn. Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀, ẹ̀yin ni Tertiu níbí o. Orúkọ yín kò gbọdọ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bàbá àgbà fọwọ́ ara wọn kọ orúkọ wọn, bó bá tiẹ̀ ń gbọ̀n lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀:
Àwa Mùsùlùmí kò ní wàhálà yìí. "Àsàláàmù àlékùm" lókè, "wàsàláàmù" nísàlẹ̀. Àlàáfíà la bá wọlé, àlàáfíà la bá jáde.

Ìjùmú Gidi:
Ó dáa, kí ló dé tí a ò kàn ní fi "okun o" parí rẹ̀? Owé gbọ́ ọ, Yàgbà gbọ́ ọ, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Òun náà ni wọ́n fi sọ wá lórúkọ, tí wọ́n fi ń pè wá ní Okun.

Tísà Kàbà:
Ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ ní kò sí ẹni tó ń gbọ́ ìparí. Báyìí ẹ ti ń bá wa wá a! Òótọ́ ni pé okun ni gbogbo wa fi ń kíra wa, àmọ́ ẹnu ọ̀nà lèmi máa gbé e sí. Bí lẹ́tà bá ti Ẹ̀gbẹ̀ lọ sí Kàbà, tí ó sì fi "Okun o, ẹ̀yin àgbà" bẹ̀rẹ̀ dípò "Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n" tí gbogbo ayé ń kọ, ojú àwọn tó ń gbọ́ ọ á ti là kí ọmọ tó dé orí òdòdó àti ọgbà. Bí ẹ bá ti lò ó lókè, ẹ má tún un lò nísàlẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:
Ẹ kú ìdúró o. Bí mo ṣe tún un kọ rèé:

"Àwọn àgbà ilé wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, ní kí á kí yín. Ẹnu yín la ń wò.

Àwa tí a wá tọrọ,
Ìdílé Lágbájá ti ìlú Ẹ̀gbẹ̀."

Orúkọ bàbá á wà lábẹ́ rẹ̀. Lágbájá kọ́ ni wá o, ẹ̀yin náà mọ̀.

Bàbá Lọ́kọ́ja:
"Ẹnu yín la ń wò." Ẹ má fọwọ́ kan ibẹ̀ mọ́.

Tísà Kàbà:
Ohun kékeré kan. "Àwa tí a wá tọrọ" dá dúró lójú afẹ́fẹ́. Kí lẹ wá tọrọ? Ẹni tó ń gbọ́ ọ lè máa retí kí ọmọ yẹn ka ọ̀rọ̀ sí i. "Àwa tí a wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ yín", ó ti pé. Bí ẹ bá sì tún rí ibi tí ẹ máa lo gbólóhùn àtijọ́ lọ́jọ́ mìíràn, ẹ kọ "nítòótọ́" pọ̀ tàbí kí ẹ ya á sí "ní tòótọ́", méjèèjì ni mo ń rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Kí ẹ má ṣáà lo méjèèjì nínú lẹ́tà kan.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́:
Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó tú ká. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa fẹ́ kọ̀wé sí Ọbaró ti Kàbà nípa ọ̀nà kan tó bàjẹ́, a sì fẹ́ kí ìwé náà dé ìjọba ìbílẹ̀. Alága wa ní kí n fi "tiyín nítòótọ́" parí rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ìlú ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹbí. Ọkàn mi kò gbà á.

Bàbá Lọ́kọ́ja:
Ọkàn yín kò tàn yín. Ẹ má fi lẹ́tà kan ṣe iṣẹ́ méjì. Èyí tó ń lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ Kàbà/Bùnú, àìgbẹ̀fẹ́ ni: àdírẹ́sì méjì, àkọlé, "Àwa ni tiyín nítòótọ́", kí alága àti akọ̀wé buwọ́ lù ú, kí ẹ kọ ipò yín. Ẹ fi ẹ̀dà kan sọ́wọ́, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbà á sórí rẹ̀.

Èyí tó ń lọ sí ààfin, "Kábíyèsí" ni ẹ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sọ ẹdùn yín tán, àdúrà lẹ máa fi parí rẹ̀: "Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Àwa ọmọ yín," kí orúkọ ẹgbẹ́ tẹ̀ lé e. A kì í fi "tiyín nítòótọ́" sọ̀rọ̀ sí ọba bí ẹni ń kọ̀wé sí máníjà báńkì. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ má fi ránṣẹ́. Ẹ gbé e lọ, kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì fi ẹnu sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó tú u.

Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀:
Wasáàpù ń kọ́? Ṣé èèyàn ń parí tibẹ̀ náà ni?

Tísà Kàbà:
Sí àgbà, bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹ ṣé mà, ire o" ti tó. Sí ọ̀rẹ́, ẹ tẹ ẹ̀rín síbẹ̀, kí ẹ máa lọ. Ímeèlì tí ẹ fi ń wáṣẹ́ ni kò gbọdọ̀ ṣàìní ìparí, "Èmi ni tiyín nítòótọ́" sì dára níbẹ̀ bí èdè Yorùbá lẹ fi kọ ọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:
Bàbá ti gbọ́ ọ tuntun. Wọ́n ní kí n tún un kà, mo tún un kà, wọ́n ní ó dáa. Àmọ́ wọ́n ní orúkọ àwọn nìkan kò tó, kí n fi orúkọ àbúrò wọn àti ti ẹ̀gbọ́n màmá wa sí i. Ó ti ń di àkójọ orúkọ, Màmá Alága. Ṣé kò ní gùn jù?

Màmá Alága:
Mẹ́ta kò gùn. Mẹ́fà ló gùn. Ti bàbá àgbà ni kó ṣáájú, kí ti ẹ̀gbọ́n màmá yín gbẹ̀yìn, kí a lè gbọ́ ọ pé ilé ìyá náà bá yín wá, torí wọ́n á béèrè. Ẹ kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń pè é nílé, kí ẹ fi àmì ohùn sí i, torí ọmọ Kàbà ló máa kà á, kò sì mọ àwọn bàbá yín rí. Lẹ́tà ńláńlá ni kí ẹ fi kọ ọ́, kí ìlà fẹ̀ síra. Kí bàbá buwọ́ lù ú kí ẹ tó gbé e lọ fún ẹni tó máa fi ọ̀rá bò ó tàbí tó máa fi férémù sí i, torí mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ọ̀rá bo lẹ́tà tán kí wọ́n tó rántí ìbuwọ́lù.

Ẹ má sì gbàgbé owó ọmọ tó máa kà á. Ẹ fi sínú àpòòwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ fún alága ìdúró yín mú dání, kí ẹ má fi há àárín lẹ́tà, torí ó máa ń já bọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ti tú u.

Ìjùmú Gidi:
Èló ni wọ́n ń fún ọmọ tó kàwé báyìí?

Màmá Alága:
Bí ẹ bá ti múra tán àtigbé ìyàwó kejì, ẹ pè mí, màá sọ fún yín.